Lẹ́tà ṣíṣí sí BBC: Rogue ní kí Dókítà wá òun kàn

Sí ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń bójú tó Doctor Who ní BBC, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Obìnrin Yorùbá ni mí, Peckham ni mò ń gbé nílùú London. Láti ọdún 2005 ni mo ti ń wo eré yín, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, lórí àga gígùn kan nínú pálọ̀ ìyá wa. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Bó bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ kò ní wá ògbufọ̀ lọ jìnnà: láti 2018 ni BBC fúnra rẹ̀ ti ní ẹ̀ka ìròyìn Yorùbá, àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ á kà á fún yín.

Ọ̀rọ̀ Rogue, ọkùnrin kan nínú eré yín tí Dókítà fẹ́ràn, ni mo bá wá.

Kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò wo eré náà rí. Dókítà tí à ń wí yìí kì í ṣe oníṣègùn. Ẹ̀dá kan ni tó ń fi àpótí aláwọ̀ búlúù rin ìrìn-àjò káàkiri ojú ọ̀run, tó ń lọ sí àná, tó ń lọ sí ọ̀la, inú àpótí náà sì fẹ̀ ju ìta rẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ikú bá dé bá a, ṣe ló máa ń para dà: ojú yóò yí, ohùn yóò yí, òun náà ni. Ìyá mi kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Akúdàáyà ló ń pè é. “Akúdàáyà yín ti bẹ̀rẹ̀ o!” Bó ṣe máa ń pariwo láti ilé ìdáná nìyẹn lálẹ́ Sátidé, àwa méjèèjì á sì sáré já wọ pálọ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni eré náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ dá a dúró ní 1989. Nígbà tí ẹ jí i dìde ní oṣù kẹta 2005, ọmọ ọdún méje ni àbúrò mi.

Àbúrò mi yìí, ọkùnrin ló ń fẹ́. Òun ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìfi bò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe irú rẹ̀ nílé wa, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 2024, ẹ gbé Dókítà lọ sí ìlú Bath, ní ọdún 1813, níbi àríyá àwọn ọlọ́lá. Ncuti Gatwa ni Dókítà lásìkò náà, ọmọ Rwanda tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá ogun ìpẹ̀yàrun 1994 wá sí Scotland, ọkùnrin tó sì ti sọ ní gbangba pé ìfẹ́ tòun kò mọ sọ́dọ̀ obìnrin. Jonathan Groff ni Rogue, ọdẹ tó ń lé àwọn ọ̀daràn ojú ọ̀run kiri fún owó. Àwọn méjèèjì jó níwájú gbogbo agbo. Rogue kúnlẹ̀ sórí orúnkún kan, ó na òrùka sí i. Ète ni wọ́n sọ pé àwọn ń ta, kí àwọn ẹ̀dá burúkú tí wọ́n ń wá lè yọjú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú Dókítà níbẹ̀. Ojú yẹn kò ta ète kankan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ parí, pańpẹ́ ti mú àwọn ẹ̀dá náà, ṣùgbọ́n Ruby, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá Dókítà rìn, há sáàárín wọn. Dókítà di ohun èlò tó máa lé wọn lọ mú, kò lè tẹ̀ ẹ́, nítorí bó bá tẹ̀ ẹ́, Ruby bá wọn lọ nìyẹn. Rogue súnmọ́ ọn, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń rọra yọ ohun èlò náà kúrò lọ́wọ́ Dókítà. Ó ti Ruby jáde, ó bọ́ sí àyè rẹ̀, ó ní kí Dókítà wá òun kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Ibi tó lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Dókítà ki òrùka náà bọ ìka ara rẹ̀.

Àbúrò mi dìde lórí àga láì sọ nǹkan kan. Ó wọ ilé ìdáná lọ, mo ń gbọ́ omi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, abọ́ tí ìyá mi ti fọ̀ láàárọ̀ ló tún ń fọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti ronú sí i tó ọjọ́ mélòó kan, ohun tó dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe Rogue nìkan. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni ẹ tún fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí n ká a fún yín.

Oṣù karùn-ún 2005 ni Captain Jack wọ inú eré, ọkùnrin tó ti ọjọ́ iwájú wá, tí kò bìkítà bóyá akọ ni ẹni tó wù ú tàbí abo. Àwọn ọmọdé ló ń wo eré yín lálẹ́ Sátidé, síbẹ̀ ẹ fi í sí àárín wọn láìtọrọ gáfárà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Russell T Davies, òǹkọ̀wé yín, fún ìyẹn títí ayé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí Jack ń lọ sójú ogun tó mọ̀ pé òun ò ní bọ̀, ó fẹnu ko Rose, ọmọbìnrin tó ń bá Dókítà rìn, lẹ́nu, ó yíjú, ó fẹnu ko Dókítà náà lẹ́nu. Bákan náà ló ṣe é fún àwọn méjèèjì. Àbúrò mi wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀, a ò sọ̀rọ̀, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ màmá. Àwọn Dalek, ọ̀tá Dókítà, pa Jack. Rose jí i dìde. Jack sáré wá sí ibi tí TARDIS, àpótí Dókítà, wà, ìgbà tó máa fi dé ibẹ̀, àpótí náà ti ń pòórá lójú rẹ̀. Dókítà fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lọ.

Jack wá ní ìfẹ́ mìíràn nínú Torchwood, eré mìíràn tó ti inú Doctor Who jáde. Ianto Jones, ọmọ Wales, ọkùnrin tó máa ń wọ kóòtù àti táì, tó ń po kọfí fún gbogbo ọ́fíìsì. Ní oṣù keje 2009, lálẹ́ ọjọ́ kẹrin nínú márùn-ún tí ẹ fi ṣe é, Ianto kú lápá Jack. Mo ti jẹ́ kí àbúrò mi wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sì ti lù. Mo gbà pé mo ṣàṣìṣe. Ohun tó gbẹ̀yìn tá a jọ wò nìyẹn kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sílé, sí Èkó, ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí ó lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọkùnrin. Àwọn tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá nílùú òyìnbó mọ ohun tí “fífi ránṣẹ́ sílé” jẹ́. Wọ́n á ní ọdún kan. Ọdún márùn-ún ló lò.

Ní Cardiff Bay, lẹ́bàá omi, ní Mermaid Quay, àwọn èèyàn ti sọ ògiri kan di ojúbọ Ianto. Èmi àti àbúrò mi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tó padà dé. Òjò ń rọ̀. Òdòdó, fọ́tò, lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀rá wé kí omi má baà wọ̀ ọ́, ti àjèjì, ti onílé. Àwọn tó kọ wọ́n mọ̀ pé ẹni inú eré ni, pé kò sẹ́ni tó kú ní tòótọ́. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àbúrò mi ní, ara wọn ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bill Potts dé, ní oṣù kẹrin 2017, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń din ànàmọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, tó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé obìnrin lòun ń fẹ́, tí ayé sì ń lọ. Inú mi dùn sí Bill ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Kí oṣù keje tó dé, ẹ ti yìnbọn dá ihò sí i láyà, ẹ sọ ọ́ di Cyberman, ara irin tí kò yẹ kó lè sunkún. Heather, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, ló wá gbà á là níkẹyìn, mo mọ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ó gba pé kó kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni Yaz, ọmọbìnrin tó ń bá Dókítà rìn, tó fẹ́ràn Dókítà nígbà tí Dókítà wà lára obìnrin, lára Jodie Whittaker. Dókítà náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sọ fún un lẹ́tì òkun, ó sì ní òun ò lè so ara òun mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá 2022, àwọn méjèèjì jókòó sórí TARDIS, wọ́n ń lá ice cream, wọ́n ń wo ayé nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n lá a tán, Yaz lọ sílé.

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ yín. Kì í ṣe gbogbo wọn lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Láti 2011 ni Vastra àti Jenny ti ń gbé pọ̀ ní London ayé Victoria, ìyá aláńgbá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń tú àṣírí ọ̀daràn, wọ́n sì ṣì wà pa pọ̀ nígbà tá a rí wọn kẹ́yìn ní 2014. Àwọn ìyá àgbà méjì kan tún wà ní 2007, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ojú òfuurufú tó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin kan pè wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan nínú wọn ní ó mọ̀ dáadáa pé tọkọtaya làwọn. Ó tán. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ṣì rántí ìṣẹ́jú yẹn lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, torí pé wọ́n ti dàgbà, irun wọn ti funfun, wọ́n sì wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Ẹ ó ní kí n ṣe sùúrù, pé eré yín ló lajú jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé irú àbúrò mi ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Waris Hussein ló darí apá àkọ́kọ́ pátápátá ní 1963, ọmọ India, ọ̀dọ́mọdé tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ní ọdún yẹn, bí ọlọ́pàá bá ká a mọ́ ilé òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ nílùú yìí, ẹ̀wọ̀n ni. Ọdún 1967 ni ìjọba yín ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní England àti Wales, bó bá jẹ́ ní kọ̀rọ̀. John Nathan-Turner, tó ṣe olùgbéré-jáde láti 1980 títí ẹ fi ti ilẹ̀kùn ní 1989, irú rẹ̀ kan náà ni. Ọwọ́ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló tọ́ Dókítà dàgbà, síbẹ̀ ó gba ọdún méjìlélógójì kí ọkùnrin tó fẹnu ko ọkùnrin lẹ́nu nínú rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àlejò ló wá ń béèrè àyè. Àwọn onílé ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín sọ ti Èkó.

Nígbà tí wọ́n kéde pé Dókítà ń bọ̀ wá sí Èkó, ìròyìn náà gba gbogbo fóònù wa. Inua Ellams ló kọ ọ́, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, tó ti mọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun, níbi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, dunjú tipẹ́. Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 2025 ni ẹ fi hàn. Ìyá mi pa iná ọbẹ̀ kó lè wá jókòó. Àtẹ ọjà, ariwo, àwọn èèyàn tó dúdú bíi tiwa tí wọ́n ń kí Dókítà bí ẹni tó ti ìrìn-àjò dé. Kó tó jáde nínú àpótí rẹ̀, ó ṣàlàyé fún Belinda, tó ń bá a rìn lásìkò náà, ìdí tó fi ń wá síbẹ̀: pé ìgbà àkọ́kọ́ tóun máa wà nínú ara dúdú rèé, pé àwọn ibì kan wà láyé tí ìṣe wọn sí òun ti yàtọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n pé ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun Omo, ọmọ ilé lòun. Ìyá mi mi orí. “Ó sọ òótọ́,” ló wí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gbé nílùú yìí.

Eré náà dára. N ò ní fi òótọ́ pamọ́. Onígbàjámọ̀ tí Ariyon Bakare ṣe, ojú rẹ̀ gún mi lọ́kàn. Àwọn ọkùnrin tó há sínú ṣọ́ọ̀bù náà ní láti máa sọ ìtàn, bí wọ́n bá ti gẹ irun wọn tán ni yóò tún hù. Nígbà tí Abby, obìnrin tó wà pẹ̀lú onígbàjámọ̀ náà, di irun fún Dókítà, tó fi orí rẹ̀ ya àwòrán ọ̀nà ẹ̀wọ̀n náà, bí àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe máa ń fi irun dídì fi ọ̀nà han ara wọn, àbúrò mi ní, “Ẹ wò ó, ó ti di ẹlẹ́gùn Ṣàngó.” Nílé wa, ẹlẹ́gùn Ṣàngó a máa dirun bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n sì ń pè é, ọkùnrin bí ọkùnrin. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ akọ tó ń fẹ́ akọ nìyẹn o, ẹ̀sìn ni, ó sì ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Ohun tó kàn wù mí ni pé ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọkùnrin rí nǹkan kan láti ilé tó fi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Mo rí i tó tẹ̀ síwájú lórí àga, tó ń wo ọwọ́ Dókítà, tó ń wo ìka rẹ̀. N ò bi í léèrè ohun tó ń wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọdún 2019 lẹ gbé ìtàn yẹn sí. Ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni fún akọ tó bá gbé akọ níyàwó tàbí abo tó bá fẹ́ abo, àti ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní ọdún yẹn ni àbúrò mi padà dé. Kí òfin yẹn tó wà ni òfin mìíràn ti wà, èyí tó ní ọdún mẹ́rìnlá fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì gbé ka gbogbo Nàìjíríà lórí ní 1916 ni ìyẹn ti wá. Ìlú tí Dókítà ti gbéra, níbẹ̀ ni wọ́n ti kó o wá bá wa. Nílùú yín, ẹ ti fa tiyín ya. Tiwa ṣì wà nílẹ̀, a sì ti fi tuntun lé e lórí pẹ̀lú ọwọ́ ara wa, mi ò ní di ẹrù yẹn ru ẹlòmíràn.

Nítorí náà, Dókítà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Omo, tó sọ pé ilé lòun dé, ọkùnrin tí wọ́n lè tì mọ́lé ni nítorí òrùka kan. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Arìnrìn-àjò ìgbà ni, kò sí òfin tí kò mọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ kò fi jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Rogue yọjú níbẹ̀ rárá? Mi ò sọ pé kó gun àga kó máa wàásù. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun. Àbúrò mi jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ ní Surulere fún ọdún márùn-ún, lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wàá tẹ orí sílẹ̀, wàá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kùn lẹ́yìn etí, bí wọ́n bá ń fi irú ẹ̀yin ṣe yẹ̀yẹ́, wàá bá wọn rẹ́rìn-ín ṣáájú kí wọ́n tó wojú rẹ. Gbogbo ẹni tó mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ mọ ìbéèrè tí ọkùnrin tó tó gbéyàwó kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: “Ìyàwó ńkọ́?” Ká ní Omo bi í ni. Ká ní Dókítà fi àtàǹpàkò yí òrùka náà níka, kó sì ní, “Mò ń wá a.” Ìyẹn tó. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Gbogbo ọmọ Èkó tó ń gbé irú ẹ̀ ká á ti mọ̀ pé wọ́n rí òun.

Àbúrò mi kò fara mọ́ mi lórí èyí. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló jọ òótọ́ jù, pé òun kì bá ti sọ nǹkan kan lórí àga yẹn bó bá jẹ́ òun. A ti jà lé e lórí tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń dákẹ́ nítorí ẹ̀rù, ẹ máa jẹ́ ká rí ẹ̀rù náà lójú rẹ̀. Èyí tí ẹ ṣe, ẹ fún ara rẹ̀ ní ilé, ẹ sì gbàgbé ọkàn rẹ̀ sí Cardiff, níbi tí ẹ ti ń ṣe eré náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Èkó, Rogue yọ. Ayé ti yí padà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Conrad ti fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ tún ayé dá: gbogbo ọkùnrin ní ìyàwó, gbogbo ìyàwó ní ilé ìdáná, ẹni tó bá ṣiyèméjì, wọ́n á fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba. Dókítà ti di ọkọ Belinda, ó ti lọmọ, kò rántí ara rẹ̀. Rogue yọjú sí i láti inú tẹlifíṣàn, láti ibi tó há sí, ó fi yé e pé ayé yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Àbúrò mi fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ tó gbé ọdún márùn-ún nínú irú ayé Conrad, tí ẹnì kan wá yọjú sí láti inú àpótí kan pé, “Irọ́ ni, jí o.” Mo rò pé ibi tí ẹ ń gbé wa lọ nìyẹn. Mo rò pé ìyókù ti dé.

Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ni ó parí. Dókítà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ra ẹ̀mí ọmọ náà padà, ìmọ́lẹ̀ bò ó, ó para dà, ojú Billie Piper, òṣèrébìnrin tó ṣe Rose, la yọ sí. Kò wá Rogue. Rogue wà níbi tó wà, òrùka rẹ̀ ti bá ọwọ́ tó wọ̀ ọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé òṣèré lè fẹ́ lọ, pé owó lè tán. Disney ti yọwọ́ kúrò nínú àjọṣe tẹ́ ẹ jọ ní. Ní oṣù kẹwàá 2025 lẹ sọ ọ́, ẹ sì sọ lọ́jọ́ kan náà pé àkànṣe eré kan ń bọ̀ ní Kérésìmesì 2026, pé Davies ni yóò kọ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pariwo sí yín létí pé ọ̀rọ̀ akọ àti akọ ló ba eré náà jẹ́, pé kí ẹ mú un kúrò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá dákẹ́ lórí Rogue báyìí, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ tí kò ní dà bíi pé wọ́n borí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Ẹ jẹ́ kí Dókítà lọ wá a. Dókítà yòówù kó jẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, dúdú tàbí funfun, torí ọkàn kan náà ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti 1966. Bó bá di obìnrin, kí Rogue wò ó lójú kó tún un mọ̀, ìyẹn náà yóò jẹ́ ìtàn tó tọ́ọ́ sọ. Ẹni tó gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà já láti gba ẹni ẹlẹ́ni là, kó gba ọ̀nà kan já fún ẹni tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kú kó tó débẹ̀. Kí ilẹ̀kùn má tì. Kí wọ́n jókòó pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, bíi ti àwọn ìyá àgbà inú ọkọ̀ ọjọ́sí, kí a sì rí wọn.

Ìyá mi kò bá àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó mọ̀, a mọ̀ pé ó mọ̀, ilé wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rin yí i ká. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ lórí tábìlì, àbúrò mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bá a já ewé kúrò lára igi. Láì gbójú sókè ló ní, “Ọmọkùnrin tó bọ́ sínú ihò níjọ́sí, tí akúdàáyà wọ òrùka rẹ̀, ṣé wọ́n ti rí i?”

Àbúrò mi ní, “Rárá, Màámi. Wọn ò tíì rí i.”

“Wọn ò wá a ni?”

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń wo Dókítà láti 2005,
Peckham, London